Ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ ní Oríta: Ọrùn Ta Ni Ó Wà?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ oríta ni, ọ̀rọ̀ ibi tí ọ̀nà ti ń pàdé ọ̀nà, tí ọmọ ilé-ìwé tí ó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká ti ń pàdé tírélà tí ó ru sìmẹ́ńtì. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn ní irú ibẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó pé lé òkú lórí. Àwọn kan a ní, "Kò wo ọ̀nà dáadáa." Àwọn kan a ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn mìíràn a mi orí, wọn a ní, "Oríta yìí ti ń gba ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́." Lẹ́yìn náà a ó gbé òkú kúrò, a ó da yẹ̀pẹ̀ bo ojú ibẹ̀, ọjà a sì bẹ̀rẹ̀ padà. Èmi ń sọ ọ́ gbangba pé àwáwí ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé àwáwí yìí gan-an ni ó ń pa ẹni tí yóò kú tẹ̀lé èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Ẹ wo bí ọ̀nà ti rí ní apá àríwá Èkìtì. Ọ̀nà tí ó ti Adó wá gba Ìwòrókò dé Ìfàkì. Ní Ìfàkì ni ó ti yà: apá kan kọjú sí Ìdó, apá kejì gba Ayégbajú lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, títí dé Òmùò, tí ó fi bọ́ sí ilẹ̀ Kàbà. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ilẹ̀ Èkìtì, nítorí náà iṣu, pákó, sìmẹ́ńtì àti epo, orí ọ̀nà kan náà yìí ni gbogbo wọn ń gbà. Ọ̀nà yìí kì í sì í gba ẹ̀yìn ìlú. Lọ́pọ̀ ibi, àárín ìlú ni ó là kọjá, láàrin àwọn tí ń ná ọjà àti àwọn tí ń lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ìdó ní ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti wá kún àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun ọ̀kadà, aláìsàn àti ẹni tí ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn sì ń sọdá títì lójoojúmọ́. A mú èrò wá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò yóò gbà sọdá dà?

Kì í ṣe pé a kò tíì rí àpẹẹrẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sọ ìjánu nù ní Ìwòrókò, ó ya wọ àárín àwọn tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà nínú wọn. Ẹni tí ó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà kò sọdá rárá. Ta ni yóò sọ fún un pé kò wo ọ̀nà? Ohun tí ó bá wa kò sì yọ aráyé yòókù sílẹ̀. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ ń pa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 1.19 lọ́dọọdún, pé ó ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún wọn tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, àti pé láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti ọdún 5 títí dé 29, kò sí ohun tí ń pa wọ́n tó o. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí a ń kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìṣirò dán ọ̀rọ̀ èkíní wò, èyí tí ó ní, "Kò wo ọ̀nà." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Kí a sọ pé títì fẹ̀ ní mítà 7, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ sì máa rin mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 7 ni yóò fi sọdá. Ọkọ̀ tí ń sá eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ náà tó dé òdì kejì, ọkọ̀ náà yóò ti sáré ju mítà 150 lọ. Èyí ni pé kí ọmọ náà tó lè sọdá láìléwu, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí mítà 150 lápá òsì, kí ó sì rí mítà 150 lápá ọ̀tún. Ǹjẹ́ ó lè rí i? Àtíbàbà aláta wà ní igun kan. Ọkọ̀ èrò mẹ́ta tò sí igun kejì. Àwọn ọlọ́kadà dúró wìtìwìtì ní igun kẹta. Pátákó ńlá tí a fi ń polówó ọjà sì dí ìyókù. Bí ọmọ náà bá rí mítà 40, ó ti rí púpọ̀. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún wo òsì, kò rí ohunkóhun, ó gbé ẹsẹ̀. Kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé, ọkọ̀ ti dé.

Ọmọ yìí wo ọ̀nà. Gbogbo ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ ni ó ṣe. Oríta ni kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà, àgbà ni ó sì to oríta bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì ìlú Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ fi hàn ní ọdún 2011 pé ojú ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbó tó ti àgbà láti mọ bí ọkọ̀ tí ń bọ̀ ti ń sáré tó. Bí eré náà bá ti pọ̀ jù, ọkọ̀ tí ń fò bọ̀ a dà bí èyí tí ó dúró lójú rẹ̀. Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ láti wo ọ̀nà, ẹ má ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó, ó ń gbé ẹrù àgbà ru ọmọdé ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àmúwá Ọlọ́run. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìpèsè Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ ṣí ìwé Deuterónómì, orí 22. Òfin kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun, pé kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Òfin yìí kò pe ìṣubú náà ní àmúwá. Ọrùn ẹni tí ó kọ́lé tí kò mọ odi ni ó gbé e kọ́. Ẹni tí ó la ọ̀nà tí kò ṣe ibi ìsọdá, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ́ ilé tí kò mọ odi?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni pé oríta ń gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn baba wa ka oríta sí ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbà kọjá láìbìkítà, nínú èyí wọ́n sì gbọ́n ju àwọn awakọ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ń pa ènìyàn lọ́dọọdún tí ibi kejì tí kò jìnnà sí i kò pa ẹnì kan, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó wà ní ọ̀kan tí kò sí ní èkejì. Bóyá ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, tí búréèkì kò fi tètè mú. Bóyá kọ́nà kan ló fi ọkọ̀ pamọ́ títí yóò fi dé. Bóyá kò sí iná, tí òru a sì mú ènìyàn dúdú nínú aṣọ dúdú di òjìji. Kí a tó dárúkọ ẹ̀mí àìrí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi okùn wọn ilẹ̀.

Bí a bá wọn ilẹ̀, ohun kan náà ni a ó máa bá níbi gbogbo: eré. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ rí ewu ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí búréèkì, búréèkì náà sì ń fẹ́ àyè kí ó tó dá ọkọ̀ dúró. Bí ó bá ń sá 30 ní wákàtí kan, yóò dúró ní bí mítà 13. Bí ó bá ń sá 50, yóò dúró ní bí mítà 28. Bí ó bá ń sá 80, mítà 57 kò ní pọ̀ jù fún un, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ gbẹ tí táyà sì dára. Eré tí ó bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi gbá ènìyàn a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí òfin ìrìnnà ilẹ̀ Nàìjíríà fi sọ pé ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ kọjá 50 láàrin ìlú, kí tírélà àti ọkọ̀ epo má sì kọjá 45. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988 láti mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní gbogbo oríta ní gbogbo òru. Ohun tí ó lè dúró níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí kò ní sùn, tí kò sì ní gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀, bí a bá tún un ṣe.

Báwo ni a ó ti tún un ṣe? Èkíní, kí igun oríta ṣófo. Kí àtíbàbà, pátákó, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kadà kúrò ní igun, kí wọ́n sún sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọmọdé yóò fi rí ọkọ̀, tí ojú awakọ̀ yóò sì fi rí ọmọdé. Èkejì, kí bọ́ǹpù tí a ṣe dáadáa wà kí ọkọ̀ tó dé ibi ìsọdá, tí a fi ọ̀dà kùn, tí àmì sì wà ṣáájú rẹ̀. Èmi kò sọ nípa òkìtì tí àwọn ọ̀dọ́ fi ìbínú mọ sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí a pa ẹnì kan. Ìyẹn a máa gbé ọlọ́kadà ṣubú lóru, ẹ̀jẹ̀ a sì tún bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a mọ pèpéle kékeré sí àárín títì tí ó bá fẹ̀, kí ìyá tí ó pọn ọmọ lè sọdá ìdajì, kí ó dúró, kí ó mí, kí ó tó sọdá ìdajì yòókù. Ẹ̀kẹrin, kí iná wà níbẹ̀ lóru. Iná tí ń gba agbára lára oòrùn kò dúró de wáyà ẹnikẹ́ni.

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun ni a kò kà sí ẹlẹ́sẹ̀, tí a kò sì kà sí ọlọ́kọ̀. Níbi tí etí ọ̀dà bá ti gé sọ́ọ́rọ́ bọ́ sínú kòtò, àárín títì ni yóò sá sí, awakọ̀ a sì máa fun fèrè lé e bí ẹni pé olè ni. Ní oríta, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ńlá tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún a kọ́kọ́ tẹ̀ sí òsì díẹ̀. Ológeere a rò pé a fún òun ní àyè, a wọ inú àlàfo náà. Awakọ̀, tí ó jókòó sókè lápá òsì, kò rí i. Táyà ẹ̀yìn a sì gé igun já lé e lórí. Bí a bá ṣe igun náà kí ó há díẹ̀, tí a mọ odi kékeré sí i, ọkọ̀ kò ní lè yà á pẹ̀lú eré. Bí a bá sì fi òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà tẹ́ etí ọ̀nà, ológeere yóò ní ibi tirẹ̀. Kì í ṣe ohun ìyanu. Iṣẹ́ bíríkìlà ni.

Ẹni tí ó bá ní irú èyí kò ṣeé ṣe ní Áfíríkà, kí ó wo Dar es Salaam ní ilẹ̀ Tànsáníà. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Amend mú àwọn ilé-ìwé tí ọkọ̀ ti ń ṣe ọmọ lọ́ṣẹ́ jù, wọ́n wo ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà, wọ́n ṣe bọ́ǹpù, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má baà ya bá àwọn ọmọ, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ibi ìsọdá. Nígbà tí a wọn èrè iṣẹ́ náà, iye ọmọ tí ń farapa ti dín ní ìdá 26 nínú 100. Ní ọdún 2019 iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn ńlá láàrin àwọn ìlú gbogbo ayé. Wọn kò kọ́ afárá lókè, wọn kò sì dúró de góòlù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dáhùn. Wọn yóò ní, "Èyí yóò dá ọkọ̀ dúró." Ẹ tún mú ìwé ìṣirò. Ẹni tí ó fi 80 kọjá ìdajì kìlómítà yóò lo bí ìṣẹ́jú àáyá 23. Ẹni tí ó fi 30 kọjá yóò lo 60. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 40. Bí ó bá kan oríta mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ kí ó tó ti Adó dé Ìkọ̀lé, kò tó ìṣẹ́jú méje ni ó sọnù. Awakọ̀ ń fi ju èyí lọ ra àgbàdo sísun ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni.

Wọn yóò ní, "Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí ní ìkáwọ́ wa." Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ti Ọ̀yẹ́ àti ti Ìdó-Òsì kò nílò láti gba ìyọ̀ǹda láti Àbújá kí wọ́n tó sún àtíbàbà àti ibùdókọ̀ kúrò ní igun oríta. Èyí tí ó kù, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé, kí wọ́n béèrè rẹ̀. Ọmọ tí ọkọ̀ gbá kì í bi títì pé ìjọba wo ni ó ni ọ́.

Wọn yóò ní, "A ó sọ ọ̀nà di ọlọ́nà méjì, ewu yóò tán." Ìjọba ìpínlẹ̀ ti dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti Adó lọ sí Ìfàkì, iṣẹ́ rere sì ni fún ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì àkókò ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò lò lórí rẹ̀, awakọ̀ tí ó sì rí ọ̀nà gbọọrọ níwájú a máa tẹ iná sí i. Bí a kò bá ṣe ibi ìsọdá, ibi ìdúró ní àárín àti bọ́ǹpù pẹ̀lú rẹ̀, a fi ewu kún ewu ni.

Wọn yóò ní, "Bí ọkọ̀ bá rọra rìn, àwọn ajínigbé yóò dé." Èyí nìkan ni èsì tí ó mú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí n tó dáhùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, a pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, ẹ̀rù àwọn awakọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rù òfo. Ṣùgbọ́n inú ìgbẹ́, níbi tí kò sí ilé, ni irú ibi bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àárín ìlú, níwájú ọjà àti ilé-ìwé, ni èmi ń sọ. Kí awakọ̀ sá eré nínú ìgbẹ́ bí òfin ti gbà á láyè, kí ó sì rọra nígbà tí ó bá dé àárín ènìyàn. Kò tọ́ kí ọmọ wa kú fún ẹ̀ṣẹ̀ ajínigbé.

Ẹni tí ó bá ṣì ní a kò lè yí ọ̀nà padà, kí ó bi àwọn àgbà léèrè nípa ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Orílẹ̀-èdè tí ó yí ọwọ́ ìrìn padà lọ́jọ́ kan, kò lè sọ pé igun oríta kan ní Ìfàkì tàbí ní Ìdó wúwo jù fún òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo gbé iṣẹ́ kan fún yín. Ẹ má ṣe fi ọmọ dá ọkọ̀ dúró lójú títì bí ẹni fi ọmọ ṣe odi. Ẹ mú àwọn tí ó dàgbà nínú wọn jáde, kí wọ́n dúró ní ibi tí kò léwu, kí wọ́n fi okùn wọn bí títì ti fẹ̀ tó, kí wọ́n ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí arúgbó àti ọmọdé fi ń sọdá, kí wọ́n ya àwòrán igun kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó dí i. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé, ìyálọ́jà, olórí àwọn awakọ̀ àti ti àwọn ọlọ́kadà fi ọwọ́ sí i, kí ọba ìlú mọ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún lọ ní oṣù kejì. Ìwé tí ó ní ìwọ̀n nínú kò ṣeé fi ẹ̀rín lé kúrò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ ní oríta wa lójoojúmọ́: àgbà tí ń tà, àgbà tí ń wa ọkọ̀, àgbà tí ń gba owó ibùdókọ̀, àgbà tí ń jókòó ní ilé ìgbìmọ̀. Kì í ṣe orí ọmọ ni ó wọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ta sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lè sún àtíbàbà kan sẹ́yìn lónìí, tí kò sún un, kí ó má ṣe dé ibi ìsìnkú lọ́la láti sọ fún ìyá ọmọ pé kò wo ọ̀nà.